Ońdè Ọrùn Laikiu

Ọjọ́ tí ààrá àkọ́kọ́ ọdún sán ní Siulam, ọjọ́ tí àwọn àgbà wa ní àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ ń jí, ni Dókítà Gwan Sauwan lọ sábẹ́ afárá. Kò wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi ìborùn dúdú bo orí, ó sì dojú bolẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kí i, nítorí ìdajì ìlú wa ló ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rí nílé ìwòsàn, tí ó ti fi ẹ̀rọ síkáànì wo inú wọn: oyún, ẹ̀dọ̀, kídìnrín, ọrùn.

Àwọn obìnrin ti tò gùn níwájú Ìyá Àgbà Kau. Arúgbó náà jókòó lórí àpótí kékeré láàárín èéfín tùràrí. Bàtà aláwọ kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi lu ọmọlangidi bébà lórí bíríkì. Lọ́jọ́ yẹn lọ́dọọdún, ẹni tí inú ń bí á mú orúkọ ọ̀tá rẹ̀ wá, ìyá á kọ ọ́ sára bébà, á sì bá a nà án.

Ó kan Sauwan.

"Orúkọ?"

"Taam Laikiu."

"Ọjọ́ ìbí rẹ̀?"

Sauwan sọ ọ́.

"Kí ló fi ṣe ọ́?"

Sauwan tún fa ìborùn rẹ̀ bojú. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tí kò ní dún bí ọ̀rọ̀ ọmọdé? Lọ́jọ́ ọdún tuntun, níwájú gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Hoiying, fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì dìde. Ìyá ọmọ ti na ọwọ́. Ọmọ rìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Laikiu, ìyàwó àbúrò ọkọ Sauwan, tó ń wẹ ọmọ náà láti kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ní, "Màmá Kékeré, ẹ gba tíì." Laikiu wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ yẹn tí wọ́n máa ń gbọ́ dé ìta gbangba, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ má bínú o! Ẹni tó bá wẹ ọmọ lọmọ ń mọ̀!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sauwan náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín yẹn dúró sí i lọ́fun bí egungun ẹja.

"Ohùn rẹ̀ ni," ó wí. "Kí ohùn rẹ̀ dákẹ́. Ọrùn ni kí ẹ lù."

Ìyá Kau gbé bàtà sókè.

"Mo lu orí rẹ, kí èrò rẹ dàrú! Mo lu ọrùn rẹ, mo lu ọ̀nà ọ̀fun! Ohùn tó ń wọ ilé onílé láìkànkùn, kó padà lọ sílé ara rẹ̀!"

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà keje, orí ọmọlangidi náà já, ó yí bọ́ sílẹ̀ láti orí bíríkì, ó dúró síwájú bàtà Sauwan.

Ìyá Kau gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo orí bébà náà títí.

"Mi ò lù ú tó bẹ́ẹ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, obìnrin yìí. Mo ti ń na bébà kí wọ́n tó la afárá yìí. Orí kan ò já rí. Bí nǹkan bá ṣe ọrùn ẹni yìí, má ṣe jẹ́ kí ẹnu rẹ dárúkọ nǹkan náà. Ẹni tó rán iṣẹ́, tó tún fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ niṣẹ́ ń padà sí. Ẹni tó kàn!"

*

Oṣù kẹta lọ́dọ̀ wa kì í ṣe oṣù tí ara ń yá. Atẹ́gùn olómi a fẹ́ wá láti òkun, ògiri a máa làágùn, dígí a máa sunkún, aṣọ tí èèyàn sá kì í gbẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, Sauwan yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ tó tutù rinrin, ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tiro fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò kà á sí.

Ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Laikiu, níbi tí Laikiu ti ń se àgbo kíkorò tí gbogbo àdúgbò ń mu nítorí ooru inú. Láti ojú fèrèsé ní òkè kejì, Sauwan ń gbọ́ gbogbo ohun tí obìnrin náà ń sọ. "Ìwọ, Ọ̀gbẹ́ni Onífìlà, o tún ti jẹ ẹran díndín, àbí? Wo ojú rẹ bí ata! Mu ife méjì!" Ohùn náà kò sì dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kí Sauwan máa fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Odidi dókítà, tó lọ na bébà lábẹ́ afárá.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ìkòkò. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á sì já lágbedeméjì. Sauwan dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń retí kí Laikiu tún un wí. Nígbà mìíràn Laikiu á tún un wí, nígbà mìíràn á kàn fọwọ́ ṣàpèjúwe fún oníbàárà.

Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, ẹbí lọ gbá ojú oórì àwọn òbí ọkọ wọn. Wọ́n gbé ẹlẹ́dẹ̀ sísun lọ, àti ìrèké, àti ọtí. Laikiu bẹ̀rẹ̀, ó ń fa koríko tu, irun rẹ̀ sì ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibẹ̀ ni Sauwan ti rí i. Lábẹ́ etí òsì, lẹ́yìn egungun àgbọ̀n, kókó kan wú, ó tó ẹyin àparò.

"Laikiu. Kí nìyẹn?"

"Èwo? Háà, èyí?" Laikiu fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ èso wò lọ́jà. "Ooru inú ni, Ìyálé mi. Mo ti ń mu àgbo eléwé mẹ́rìnlélógún sí i. Etí ibẹ̀ náà ti dí, bí ẹni pé omi wọ̀ ọ́. Bí mo bá sì ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láàárọ̀, mò ń rí ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ooru ni gbogbo rẹ̀."

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá o! Kò dùn mí rárá."

Sauwan sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa. Kókó ọrùn tó bá ń dunni, ọ̀fun dídùn ló sábà ń fà á, yóò sì lọ. Èyí tí kò dunni, tí etí dí pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde láàárọ̀, kò sí dókítà kan lẹ́bàá odò wa tí kò mọ ilé tó ti wá. Àìsàn kan wà tó fẹ́ràn àwa ará odò yìí ju gbogbo ayé lọ. Ẹ̀yìn imú ló máa ń sá pamọ́ sí, ọrùn ló sì máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Bí ó ti la ẹnu ni orí bébà yí gbirigbiri níwájú ojú rẹ̀.

"Máa mu àgbo rẹ," ló wí.

Hoiying ló mú ìrèké kan wá, ó bó o, ó bu tirẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó bu èyí tó gùn jù fún Laikiu. Sauwan ń jẹ ìrèké, kò mọ̀ bóyá ó dùn.

*

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ó padà sábẹ́ afárá. Kò sí ìlà mọ́, Ìyá Kau nìkan ló jókòó tó ń jẹ ìrẹsì nínú abọ́ ike.

"Mo fẹ́ kí ẹ tú u," ni Sauwan wí. Kò tilẹ̀ kí i.

"Kí n tú kí ni?"

"Orí tó já. Taam Laikiu. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Arúgbó náà jẹun díẹ̀ sí i, ó nu ẹnu. "Bébà tí mo ti sun? Ṣé èèyàn máa ń kó eérú jọ kó tún padà di igi ni? Ó di ọdún tó ń bọ̀, bí ààrá bá tún sán."

"Kò ní dé ọdún tó ń bọ̀."

Ìyá Kau gbé ojú sókè. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀? Hẹn-ẹn. Mo rò pé mo mọ ojú yìí. Ìwọ lo wo inú ìyàwó ọmọ mi, tí o ní ìbejì ni, tó sì rí bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà ńlá! Ìwọ tí o ń rí inú èèyàn láìlo ọ̀bẹ, èmi alábàtà lo wá bẹ̀? Lọ fi ẹ̀rọ rẹ tú u. Ṣùgbọ́n rántí ohun tí mo wí nípa ẹnu rẹ."

Sauwan bẹ̀ ẹ́ títí, arúgbó náà tún gbé abọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń lọ, ó gbọ́ tí ìyá náà ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ abọ́, ìró náà sì bá a dé òpin ojú ọ̀nà.

*

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, fóònù rẹ̀ dún. Hoiying ni.

"Màmá, ẹ ò ní gbàgbọ́! Èmi àti Màmá Kékeré ti ọ̀dọ̀ elégùn kan bọ̀ lódìkejì odò. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ lọ."

"Elégùn wo? Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?"

"Màmá Kékeré ló ní àgbo ò ran kókó ọrùn òun. Obìnrin náà jókòó jẹ́jẹ́ o, ó ń bó ẹ̀pà. Òrìṣà wá gùn ún lójijì, ojú rẹ̀ yí padà, ohùn rẹ̀ wá di ti ọmọdé. Màmá, mo sá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn!" Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù bà ni. "Ó ní kì í ṣe ooru inú. Ó ní ẹnì kan ló rán an, pé inú ilé kan náà lẹni náà wà."

Sauwan jókòó sórí àga.

"Ó tún ní ẹni náà máa ń jókòó nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tó ń fi ọwọ́ rí inú èèyàn. Màmá, àfi bí ẹni pé ẹ̀yin ló ń ṣàpèjúwe! Mo sọ fún Màmá Kékeré bẹ́ẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí."

"Laikiu náà rẹ́rìn-ín?"

"Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín," ló wí. "Elégùn so ońdè mọ́ ọn lọ́rùn, bébà aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ká sínú òwú pupa. Ó ní Màmá Kékeré ò gbọdọ̀ tú u fúnra rẹ̀. Ẹni tó rán an ló yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, òun lẹrù náà máa bá lọ sílé. Màmá? Ẹ wà níbẹ̀?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, nígbà tí Sauwan ṣí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ kan gún un lójú. Laikiu ti gbé dígí onígun mẹ́jọ kọ́ sókè ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irú èyí tí a fi ń dá ibi padà sílé ẹni tó rán an. Ojú fèrèsé Sauwan gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó kéré bí eṣinṣin.

Ó fa kọ́tìnnì dé. Láti ọjọ́ náà kò ṣí i mọ́. Ó ra ewé ọsàn ńlá lọ́jà, ó fi omi rẹ̀ wẹ̀ lárààárọ̀, bí a ti ń ṣe nígbà tí a bá ti ilé òkú dé. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ó dà bí ẹja tó wọ ìgèrè: ọ̀nà tó gbà wọlé wà níbẹ̀, kò kàn lè gbà á jáde.

*

Dókítà Yip, tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Sauwan pè é.

"Yip, ìyàwó àbúrò ọkọ mi kan á wá. Kókó ọrùn ni. Bá mi wò ó dáadáa. Ohun tí o bá rí, kọ ọ́ sílẹ̀, sọ ọ́ fún un. Má fi bò."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá? Ọrùn, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ẹbí ni. Ojú ẹbí kì í ríran."

Inú rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Bí Yip bá dárúkọ rẹ̀, ẹnu tirẹ̀ mọ́, wọ́n á sì wo Laikiu sàn. Ó tilẹ̀ rò pé òun ti rí ihò àwọ̀n.

Ọjọ́bọ̀ ni Laikiu dé, Hoiying sì tẹ̀ lé e. Sauwan wà ní yàrá kejì. Ó gbọ́ tí Yip ń pe orúkọ, ó gbọ́ tí Laikiu dáhùn pẹ̀lú ohùn tó ti di eérú.

"Dókítà, má bínú. Mi ò wá sọ́dọ̀ rẹ."

"Màdáámù, èmi ni wọ́n kọ orúkọ yín sí."

"Orúkọ tèmi ni, mo sì lè mú un lọ síbi tó wù mí. Ṣé màá jẹ́ kí àlejò fọwọ́ pa mí lọ́rùn nígbà tí ìyálé mi wà nínú ilé yìí? Kí làwọn ará àdúgbò á wí?" Ó gbé ohùn sókè bó ti lè ṣe tó. "Ìyálé mi! Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Èmi ò ní lọ o. Bí ilẹ̀ bá fẹ́, kó ṣú."

Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn. Yip ṣí ìlẹ̀kùn, ó wo ọ̀gá rẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n wọlé," ni Sauwan wí.

*

Yàrá náà ṣókùnkùn, iná kan ṣoṣo ló wà, ti ojú ẹ̀rọ. Laikiu dùbúlẹ̀, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká kí ọrùn lè yọ. Hoiying dúró lẹ́bàá ògiri.

Sauwan fi jẹ́lì sí ọrùn ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e. Àwọn kókó kéékèèké ibẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kókó ọrùn tó dára, bí hóró ẹ̀wà ló rí. Ó pẹlẹbẹ, ọkàn rẹ̀ funfun láàárín, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀. Gbogbo wọn ló dára ní ọ̀tún.

Ó bọ́ sí òsì. Òwú pupa náà fún mọ́ ọrùn pinpin. Bébà yẹ́lò sì jókòó lórí kókó náà gan-an, bí ìdérí lórí ìkòkò. Ó gbé ẹ̀rọ gba òkè, kò rí nǹkan kan. Ó gbé e gba ìsàlẹ̀. Etí nǹkan kan yọ, ó dúdú, ó yípo, ó sì tún farapamọ́ sábẹ́ òwú.

"Òwú yìí ò jẹ́ kí n rí i," ló wí. "Hoiying, bá Màmá Kékeré rẹ tú u."

"Ọwọ́ Hoiying kọ́," ni Laikiu wí.

"Tú u fúnra rẹ, nígbà náà. Tàbí kí n pe Yip."

"Ọwọ́ Yip náà kọ́." Laikiu ń wo àjà. "Ìyálé mi, ọjọ́ tí ààrá sán, mo rí ìborùn dúdú kan lábẹ́ afárá. Mo mọ ìborùn náà. Èmi ni mo rà á fún yín."

Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ nìkan ló ń dún wùù.

"Kí lo wá débẹ̀?" ni Sauwan bi í.

"Kí lèèyàn ń wá débẹ̀? Èmi náà wà lórí ìlà. Ẹni mẹ́fà ló wà láàárín wa." Laikiu fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó já di ikọ́. "Ẹsẹ̀ ni mo ní kí wọ́n lù. Ẹsẹ̀ yín. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ fẹ́ gbé ọmọ yìí lọ sílé ìwé ní Guangzhou, kí n má baà rí i mọ́. Mo ní kí ẹsẹ̀ yín má lè gbé e dé ibùdókọ̀."

Sauwan rántí àtẹ̀gùn tó làágùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ẹ̀yin méjèèjì?" ni Hoiying wí láti ẹ̀bá ògiri. Ohùn rẹ̀ kéré. "Nítorí tèmi?"

Laikiu yíjú kúrò ní àjà, ó wo ìyálé rẹ̀.

"Tèmi kéré," ni Laikiu wí. "Ẹsẹ̀ yín ti sàn. Tiyín nìyí lọ́rùn mi, ó ń dàgbà. Ìyálé mi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ tú u, kò sí ohun tí yóò ṣe yín. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin..." Ó pa ojú dé. "Mi ò wá bá yín jà. Ọwọ́ yín ni mo wá yá."

Sauwan wo ọmọ rẹ̀. Òkùnkùn kò jẹ́ kó rí ojú ọmọ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó ń wo ọwọ́ òun. Bí ó bá tú u, ó ti jẹ́wọ́. Bí kò bá tú u, ó ti jẹ́wọ́ bákan náà, Laikiu á sì gbé òwú náà padà sílé, á tún kó ìkòkò àgbo kaná, kókó náà á máa wú títí yóò fi di ọ̀nà ọ̀fun pa. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà ní yàrá náà, Yip sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó fi ìka méjì wá kókó òwú náà. Wọ́n ta á pa bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tú u láé, òógùn sì ti mú un le. Èékánná rẹ̀ ya. Ó ń tú u díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ońdè náà tú, ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi híhó.

"Ẹ fi sápò yín," ni Laikiu wí jẹ́jẹ́.

Ó fi sápò.

Ìgbà náà ló wá rí i. Kókó náà yípo bíríkítí, ó dúdú, ọkàn funfun rẹ̀ ti kú. Méjì mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Nígbà tó tẹ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi àwọ̀ hàn, ẹ̀jẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́. Ẹ̀bá ló ń gbà ya wọlé káàkiri, bí olè tó ń fo ògiri.

"Màmá," ni Hoiying wí. "Kí ni?"

Sauwan rí eyín mẹ́ta Ìyá Kau lójú inú rẹ̀. Ẹrù kan ti wà lápò rẹ̀ ná. Ṣé kó tún fi ẹnu fa èkejì? Ó lè dákẹ́. Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí Yip kà á. Ó yíjú sí ẹ̀rọ ìkọ̀wé, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí kò rán wọn: *Ó jọ ti ọ̀fun dídùn. Kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.*

Laikiu di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì kún fún jẹ́lì.

"Ẹ fẹnu yín sọ ọ́ fún mi. Mi ò mọ bébà kà bí ti yín. Bí ẹ bá ní ọ̀fun ni, màá gbà pé ọ̀fun ni, màá lọ mu àgbo mi. Mi ò ní wá síbí mọ́. Ẹ ti tú u. Ẹ̀yin ni màá gbà gbọ́."

Sauwan wo ohun tó kọ. Ó tẹ̀ ẹ́ pa rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ojú ìwé fi funfun.

"Jẹjẹrẹ ni, Laikiu," ló wí. "Ẹni tó máa fi ẹ̀rọ wo ẹ̀yìn imú rẹ ló lè búra, èmi ò lè búra. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ lojú mi rí. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn imú. Ó máa ń gbóògùn bí wọ́n bá tètè mú un. Dìde. Mo máa mú ọ gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà imú fúnra mi."

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí èèyàn bá gbé omi gbígbóná mì. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí òsì, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Hoiying di ọwọ́ Laikiu mú, ó ràn án lọ́wọ́ láti dìde. Nígbà tí ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti ṣí ìlẹ̀kùn, ọmọ náà súnra sẹ́yìn kí ọwọ́ náà má baà kàn án.

*

Ó rí bó ti wí. Wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀yìn imú Laikiu, àyẹ̀wò sì fi hàn. Guangzhou ni wọ́n gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ ta á, wọ́n ń fi agọ̀ oníhò de ojú rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ kó má baà mira. Itọ́ ẹnu rẹ̀ gbẹ, adùn oúnjẹ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ já pátápátá. Ṣùgbọ́n kókó náà yọ́ bí ọ̀rá lórí iná. Hoiying ló tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìsinmi ilé ìwé, kò sì délé ìyá rẹ̀ rárá. Sauwan ń fi ọbẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ń gbà á, wọn kì í sọ bóyá ó dùn.

Oṣù kẹwàá ni Hoiying tó kan ìlẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

"Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ẹ mọ ohun tí elégùn wí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tú u?"

Sauwan ronú láti wí ohun tó dára. Kò rí i.

"Mi ò lè rí ọrùn rẹ̀," ló wí.

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó mu omi, ó sì lọ. Kò pè é ní Màmá, ṣùgbọ́n ó ti mu omi.

Lóṣù kọkànlá, bí Sauwan ti ń bọ́jú, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan lábẹ́ etí òsì. Ó tó hóró ẹ̀wà. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dùn ún.

Kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wò ó. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìdajì ìlú ti dùbúlẹ̀ sí, ó sì fi ọrùn lé Yip lọ́wọ́. Yip wò ó títí, ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó fúnra yín. Ó pẹlẹbẹ. Ọkàn rẹ̀ funfun. Ẹnu ọ̀nà lẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ẹlòmíràn bá wá pẹ̀lú èyí, ẹ ò ní sọ pé kó máa lọ sílé rẹ̀?"

Ó wò ó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sílé. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọjọ́ Ajé kejì, àti ìkẹta. Yip wo ẹ̀yìn imú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà òkè, kò sí nǹkan kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan.

Láìpẹ́ yìí, Laikiu ló ń tẹ̀ lé e wá. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú ìgò omi tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́ láé, á sì máa fi ohùn rẹ̀ tó ti di ti ẹyẹ kékeré pè é láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyálé mi, mo ti dárí jì yín. Ẹ jáde, ká lọ jẹun."

"Ẹ gbọ́, Ọ̀gá," ni Yip wí, ó ń nu jẹ́lì kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹni tó ni ẹjọ́ ti tú ẹjọ́ ká. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Sauwan kò dìde. Ó yí ọrùn sí ọ̀tún díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ òsì lè yọ sí i dáadáa.

"Tún un wò," ló wí.